Ṣé VPN tó láti dáàbò bo ẹni tó ń ṣiṣẹ́ láti ilé?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá wa. Oníṣirò owó ni mí. Abẹ́òkúta ni mo ń gbé, àmọ́ Èkó ni ilé-iṣẹ́ tí mo ń bá ṣiṣẹ́ wà, ọjọ́ mẹ́rin nínú ọ̀sẹ̀ ni mo sì ń ṣiṣẹ́ láti ilé. Ẹni tó ń bá mi tún kọ̀ǹpútà ṣe fi VPN ọ̀fẹ́ kan sí i, ó ní kò sí olè orí íntánẹ́ẹ̀tì tó lè rí mi mọ́. Ṣé òótọ́ ni, àbí kí n ra èyí tí wọ́n ń sanwó fún?

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun, ìyá wa. Kì í ṣe òótọ́, ẹ má sì tíì ra ohunkóhun. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti bi mí ní irú ìbéèrè yìí, ohun kan náà ni wọ́n sì ti sọ fún gbogbo wọn kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ mi: “Ẹ ṣáà ti fi VPN sí i, ọ̀rọ̀ bùṣe.” Ọ̀rọ̀ yẹn máa ń bí mi nínú, nítorí pé ẹni tó bá gbà á gbọ́ yóò fọkàn balẹ̀ níbi tó yẹ kó ti wà lójúfò.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí VPN jẹ́. Ọ̀nà tí wọ́n bo lórí, tí wọ́n sì bo lẹ́gbẹ̀ẹ́, ni. Ohun tó bá ń ti inú kọ̀ǹpútà yín jáde yóò gba inú rẹ̀ kọjá, ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà kò sì ní lè tú u wò títí yóò fi dé ibi tí ọ̀nà náà parí sí. Bó bá jẹ́ pé ilé-iṣẹ́ yín ló fún yín ní VPN, ọ̀dọ̀ wọn ló parí sí, ó sì wúlò gan-an. Bó bá jẹ́ ti ọ̀fẹ́ tí ẹ kò mọ ẹni tó ni ín, ọwọ́ ẹni yẹn ló parí sí, òun ni yóò sì máa rí àwọn ibi tí ẹ ń lọ. Èyíkéyìí tó wù kó jẹ́ nínú méjèèjì, VPN kò mọ olè yàtọ̀ sí onílé. Ẹni tó bá ti mú kọ́kọ́rọ́ dání ni yóò ṣílẹ̀kùn fún.

Ní ọjọ́ 15 oṣù Keje ọdún 2020, nígbà tí àrùn Kòrónà ti mú kí àwọn òṣìṣẹ́ Twitter máa ṣiṣẹ́ láti ilé, àwọn ọ̀dọ́ kan, tí ọmọ ọdún 17 kan ní ìlú Tampa ní Amẹ́ríkà jẹ́ olórí wọn, lo VPN gan-an láti fi mú wọn. Wọ́n pe àwọn òṣìṣẹ́ náà lórí fóònù, wọ́n ní ẹ̀ka tó ń bójú tó kọ̀ǹpútà ni àwọn ti ń pè, àti pé àwọn gbọ́ pé VPN ń dà wọ́n láàmú. Ó sì ń dà wọ́n láàmú lóòótọ́ lásìkò yẹn, ìdí sì nìyẹn tí ọ̀rọ̀ náà fi wọ̀ wọ́n létí. Wọ́n júwe ìkànnì kan fún wọn tó jọ ojúlówó bí ìbejì. Bí òṣìṣẹ́ bá ṣe ń tẹ orúkọ àti ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀, ìyẹn páásíwọọ̀dù, síbẹ̀, ni àwọn olè náà ń tẹ̀ ẹ́ sí ojúlówó, tí ìbéèrè “Ṣé ìwọ ni?” sì ń wọlé sórí fóònù òṣìṣẹ́. Àwọn kan nínú wọn dáhùn pé àwọn ni. Àkáǹtì 130 ni àwọn olè náà dojú kọ, ti Barack Obama, Joe Biden àti Elon Musk wà nínú èyí tí wọ́n fi kéde pé àwọn yóò sọ bitcoin àwọn èèyàn di ìlọ́po méjì. Owó tí wọ́n rí kó lé ní 100,000 dọ́là. Kò sí fáírọ́ọ̀sì kankan nínú gbogbo rẹ̀. Ẹnu dídùn ni wọ́n fi ṣe é, gbájúẹ̀ tí àwa náà mọ̀ nílé ni.

Lọ́dún kejì, ní òpin oṣù Kẹrin 2021, ẹnu ọ̀nà VPN ni àwọn olè gbà wọ ilé-iṣẹ́ Colonial Pipeline, tó ń gbé epo lọ sí ìhà ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà. Àkáǹtì VPN kan tí wọn kò lò mọ́, tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ aṣínà nìkan ló tì í, ni wọ́n fi wọlé. Bitcoin 75 ni ilé-iṣẹ́ náà san kí wọ́n tó fi wọ́n sílẹ̀.

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ Amẹ́ríkà nìkan nìyí. Mo ti jókòó ti obìnrin kan nínú pálọ̀ rẹ̀ ní Ìbàdàn, tó fi àtẹ̀jíṣẹ́ tó gbà lọ́jọ́ tí wọ́n lù ú ní jìbìtì hàn mí. Nọ́ńbà mẹ́fà ló wà níbẹ̀, wọ́n sì kọ ọ́ sábẹ́ wọn gbangba pé kó má ṣe fi han ẹnikẹ́ni. Ojú rẹ̀ wà lórí gbólóhùn yẹn bó ṣe ń ka nọ́ńbà náà lọ́kọ̀ọ̀kan fún ẹni tó pè é, nítorí pé ẹni náà mọ orúkọ ọ̀gá rẹ̀, ó ń kánjú, ó sì ń kí i dáadáa.

Nítorí náà, ẹni yòówù tó bá pè yín pé òun ń bá ilé-iṣẹ́ yín bójú tó kọ̀ǹpútà, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ pa fóònù, kí ẹ wá pe nọ́ńbà ilé-iṣẹ́ tó ti wà lọ́wọ́ yín tẹ́lẹ̀. Bó bá bínú, ẹ jẹ́ kó bínú. Kò sí òṣìṣẹ́ gidi kan tó nílò OTP yín, ìyẹn nọ́ńbà ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tí wọ́n fi ń mọ̀ pé ẹ̀yin ni. Ẹ bèèrè lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ yín bóyá wọ́n lè fún yín ní kọ́kọ́rọ́ ààbò tí wọ́n ń kì bọ kọ̀ǹpútà. Ó dára ju OTP lọ, nítorí pé kò ní dá ayédèrú ìkànnì lóhùn bí ojú ẹ̀yin fúnra yín kò bá tilẹ̀ rí ìyàtọ̀. Àmì àgádágodo tí ẹ ń rí lókè ìkànnì kò tó ẹ̀rí, torí àwọn olè náà ń gbà á sí tiwọn.

Ohun kejì ni àtúnṣe tí kọ̀ǹpútà ń bẹ̀ yín pé kí ẹ gbà. Mo mọ̀ pé dátà wọ́n, pé iná sì lè lọ kó tó parí. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2022, kọ̀ǹpútà ilé òṣìṣẹ́ àgbà kan ní LastPass, ilé-iṣẹ́ tó ń bá àwọn èèyàn tọ́jú ọ̀rọ̀ aṣínà, ni àwọn olè gbà dé inú ilé-iṣẹ́ náà. Áàpù tí wọ́n fi ń wo fíìmù ló ní àléébù. Àtúnṣe rẹ̀ ti jáde láti ọdún 2020, kò sì gbà á. Wọ́n gba ibẹ̀ fi ohun tó ń ṣàkọsílẹ̀ gbogbo lẹ́tà tí ọwọ́ rẹ̀ bá tẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà náà. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ fi kọ̀ǹpútà iṣẹ́ ta géèmù, ẹ má sì fi áàpù tí wọ́n jí tà sí i. Ẹ yí ọ̀rọ̀ aṣínà tó bá Wi-Fi yín wá láti ilé ìtajà padà pẹ̀lú.

N kò tíì fojú rí kọ̀ǹpútà yín, nítorí náà, bí ìmọ̀ràn mi bá ta ko òfin ilé-iṣẹ́ yín, tiwọn ni kí ẹ tẹ̀ lé. Àmọ́ ẹ yọ VPN ọ̀fẹ́ yẹn kúrò lónìí, ẹ fi ẹ̀rọ mìíràn yí ọ̀rọ̀ aṣínà iṣẹ́ yín padà, kí ẹ sì sọ fún wọn pé ó ti wà lórí kọ̀ǹpútà tí ẹ fi ń ṣírò owó. Ẹ má bẹ̀rù ìbáwí. Bí ìsọfúnni àwọn èèyàn bá ti bọ́ sọ́wọ́ olè lọ́nà tó lè pa wọ́n lára, wákàtí 72 péré ni òfin ìdáàbòbò dátà ti ọdún 2023 fún ilé-iṣẹ́ láti fi tó àjọ tó ń mójú tó o létí, láti ìgbà tí wọ́n bá ti mọ̀. Ẹ pè wọ́n kí ẹ tó sùn lálẹ́ òní.