Má gbin ọ̀pẹ òyìnbó sórí oko ọbẹ̀ ìyàwó rẹ

Àbúrò mi, o sọ fún mi pé éékà 2 tí bàbá rẹ fi sílẹ̀ lẹ́yìn Ẹ̀pẹ́ ni o fẹ́ fi gbin ọ̀pẹ òyìnbó tán pátápátá, títí kan ibi tí ìyàwó rẹ ń gbin ẹ̀fọ́ sí, pé tí owó bá ti wọlé, ẹ óò máa ra oúnjẹ jẹ. Ohun tí èmi náà sọ fún ìyàwó mi lọ́dún 2015 nìyẹn.

Ilá, tẹ̀tẹ̀, ẹ̀gúsí àti àgbàdo ló wà lórí ilẹ̀ tèmi nígbà náà. Kò jọ mí lójú. Mi ò mọ̀ pé ibẹ̀ ni ọbẹ̀ wa ti ń wá, àti pé èyí tí ìyàwó mi bá tà níbẹ̀ lọ́jọ́ ọjà ló fi ń ra ẹja. A hú gbogbo rẹ̀, a gbin ọmọ ọ̀pẹ òyìnbó sí i. Ó tó oṣù 16 kí èso tó pọ́n. Ní gbogbo àsìkò yẹn, rírà là ń ra gbogbo nǹkan, títí dórí ata. Ìyàwó mi ló tún ń bá mi roko náà. Ẹ̀gún ewé rẹ̀ á ti ya á lọ́wọ́, ilẹ̀ á ti ṣú kó tó délé. Ta ló fẹ́ ráyè lọ ẹ̀gúsí lálẹ́ bẹ́ẹ̀? A ó rẹ gààrí, a ó sùn.

Mi ò ní purọ́ fún ọ, owó wọlé. Àwọn oníbàárà gbé ọkọ̀ wá láti Èkó, iye tí wọ́n sì dá ni mo gbà, torí èso tó ti pọ́n kì í dúró deni. Mo fi kan páànù, mo fi san gbèsè.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ìgbẹ́ gbuuru mú àbíkẹ́yìn wa, tó ń lọ sí ọmọ ọdún 2. A gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì mú téèpù pẹlẹbẹ kan tó ní àwọ̀ ewé, yẹ́lò àti pupa, tí wọ́n fi ń mọ̀ bóyá oúnjẹ ń tó ọmọ lára, ó yí i mọ́ ọn lápá òsì, lókè ìgúnpá. Orí yẹ́lò ló dúró sí, sẹ̀ǹtímítà 12.1. Ó ní 12.5 sókè ló dáa, pé tí kò bá tó 11.5, pupa nìyẹn, ewu ńlá ni. Ó wá béèrè pé, "Kí ni ọmọ yìí jẹ lánàá?" Ìyàwó mi ní ẹ̀kọ láàárọ̀, ẹ̀bà lọ́sàn-án, gààrí lálẹ́. Owó ọ̀pẹ òyìnbó wà lápò mi níbi tí mo dúró sí. Mi ò lè gbójú sókè.

Ohun tó tàn mí jẹ ni pé ọmọ náà kì í sunkún ebi. Gààrí ń kún inú, àmọ́ nínú gíráàmù 100 rẹ̀, purotéènì, èyí tó ń mú ara ọmọ dàgbà, kì í sábà ju gíráàmù 1 tàbí 2 lọ, nígbà tí ẹ̀wà gbígbẹ, kí a tó sè é, ní ju 20 lọ. Kì í ṣe ẹ̀bi ọ̀pẹ òyìnbó. Ẹni tó fi gbogbo ilẹ̀ gbin àgbọn ní Àgbádárìgì lè bá ohun kan náà pàdé. Owó yẹn ń wá lẹ́ẹ̀kan, ọwọ́ ọkọ ló sì máa ń bọ́ sí. Ìyàwó ló ń wá ohun tí wọ́n máa jẹ lónìí.

Mo hú ọ̀pẹ òyìnbó kúrò lórí ìdajì éékà, mo dá a padà fún ìyàwó mi. Owó tó bá rí níbẹ̀, tirẹ̀ ni, mi ò bi í. Tí mo bá gbin ọ̀pẹ òyìnbó tuntun, a máa ń gbin ẹ̀wà àti ẹ̀gúsí sáàárín rẹ̀ kí ewé rẹ̀ tó bo ilẹ̀. Lọ́jọ́ tí owó bá wọlé, àpò ẹ̀wà kan àti kẹ́ẹ̀gì epo pupa kan la kọ́kọ́ ń rà. Inú kẹ́ẹ̀gì gbígbẹ tí a dé pinpin la ń kó ẹ̀wà náà sí, kí kòkòrò má bàa jẹ ẹ́. Ẹyin tí adìyẹ wa bá yé kì í dọ́jà mọ́, àwọn ọmọ ló ń jẹ ẹ́. Ẹ̀kọ ọmọ kì í funfun lásán mọ́, edé tàbí ẹ̀pà lílọ̀ máa ń wà nínú rẹ̀.

Tí o bá ń wá ọmọ ọ̀pẹ òyìnbó, mo ní i, n ò ní gbowó lọ́wọ́ rẹ. Ṣùgbọ́n mú ìyàwó rẹ dání, kó fojú ara rẹ̀ rí ibi tí a pààlà sí.