Ẹ gbé mítà tí a fi ń wọn volt kí ẹ tó ra wáyà mìíràn

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní òṣùwọ̀n yín ń gbé iye kìlò jáde lójú ara rẹ̀ ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà kò rí nǹkan kan, ẹ sì ti pààrọ̀ wáyà RS-232 (èyí tí òṣùwọ̀n fi ń bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀) lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ra ìkẹta.

Ohun kan náà ló ṣe mí nílé ìkẹ́rùsí kajú kan lọ́nà Ìlọrin, níbí ní Ògbómọ̀ṣọ́, lásìkò tí ọkọ̀ ń tò síta. Ìwé ọwọ́ mi ní pínnì 2 ló ń sọ̀rọ̀, 3 ló ń gbọ́. Ìwé ò purọ́, ojú oníhò 25 ló ń wí: 2 ni TXD (ẹnu tó ń sọ̀rọ̀), 3 ni RXD (etí tó ń gbọ́), 7 ni GND (ilẹ̀ iná). Lẹ́yìn kọ̀ǹpútà, ojú oníhò 9 ló wà, ibẹ̀ sì yàtọ̀ pátápátá: 2 ni RXD, 3 ni TXD, 5 ni GND. Bí òṣùwọ̀n náà bá tò ó bíi ti kọ̀ǹpútà, tí ẹ wá fi wáyà tó lọ tààrà so wọ́n, ẹnu pàdé ẹnu, etí pàdé etí.

Ẹ yọ wáyà, ẹ tan òṣùwọ̀n nìkan. Ọwọ́ dúdú mítà sí pínnì 5 (7 ni, tó bá jẹ́ ojú oníhò 25), ọwọ́ pupa sí 2, lẹ́yìn náà sí 3. Èyí tó bá mú nǹkan bíi −6 tàbí −9 volt wá ló ń sọ̀rọ̀. RS-232 kì í sinmi sórí òdo. Tó bá dákẹ́, láàrin −3 sí −15 ló máa ń wà.

Nítorí èyí ni mo ṣe jó ESP32 kan, bọ́ọ̀dù kọ̀ǹpútà kékeré. Mo so ó mọ́ òṣùwọ̀n tààrà, nǹkan tí kò lè gbà ju 3.3 volt lọ! MAX3232, ṣíípù tó ń yí volt RS-232 padà sí èyí tí bọ́ọ̀dù lè gbà, ló yẹ kó wà láàrin wọn. (Oníkajú ò tíì san owó bọ́ọ̀dù yẹn títí dòní, mi ò sì lójú àtibéèrè.)

Tí ẹ bá ti fi 2 àti 3 dábùú ara wọn tí kò sì fọhùn, ó lè jẹ́ pé kọ̀ǹpútà ń dúró de CTS, àmì tó ń sọ fún un pé ó lè máa sọ̀rọ̀. Ẹ fi wáyà kékeré so 7 mọ́ 8 níhà kọ̀ǹpútà (ojú oníhò 9), kí ẹ so 4 mọ́ 6.

Tó bá wá jẹ́ pé lẹ́tà rádaràda ló ń jáde, ẹ fi wáyà sílẹ̀, ìyára (iye bíìtì tó ń kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan) ni kò bára mu. Òṣùwọ̀n tèmi wà lórí 2400, èmi ń retí 9600.