Kí ni ọmọ ẹgbẹ́ fratániti (ẹgbẹ́ àwọn ọkùnrin akẹ́kọ̀ọ́) bíi Alpha Phi Alpha máa ń ṣe gan-an ní yunifásítì Amẹ́ríkà?

Ìpàdé, iṣẹ́ ìrànlọ́wọ́ fáwọn ará àdúgbò àti ríran ara wọn lọ́wọ́ lórí ìwé ni, pátì náà wà níbẹ̀ àmọ́ òun nìkan kọ́.

Ọmọ ilé-ìwé aláwọ̀ dúdú méje ló dá Alpha Phi Alpha sílẹ̀ ní yunifásítì Cornell, New York, ní December 4, 1906, nígbà táwọn dúdú ò pọ̀ níbẹ̀ rárá. Ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ló ní ààrẹ, akọ̀wé àti akápò tiẹ̀, wọ́n ń san owó ẹgbẹ́, wọ́n sì máa ń gba ọmọ girama níyànjú kí wọ́n lè wọ yunifásítì, wọ́n tún ń ran àwọn èèyàn lọ́wọ́ láti forúkọ sílẹ̀ fún ìdìbò, èyí tí wọ́n ti ń ṣe láti àwọn ọdún 1930, tó sì ṣe pàtàkì gan-an torí nígbà yẹn oríṣiríṣi ọgbọ́n ni wọ́n fi ń dí dúdú lọ́wọ́ àtidìbò ní gúúsù Amẹ́ríkà. Tó bá di ìgbà fàájì, wọ́n á jó step, ẹsẹ̀ àti àtẹ́wọ́ ni wọ́n fi ń ṣe ìlù ẹ̀. Martin Luther King náà wọ ẹgbẹ́ yìí ní 1952.

Kì í ṣe ẹgbẹ́ òkùnkùn bíi tàwọn yunifásítì Nàìjíríà o, yunifásítì mọ̀ wọ́n. Àmọ́ fífìyà jẹ ọmọ tuntun, ìyẹn hazing, wà láwọn ẹ̀ka kan lóòótọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹgbẹ́ náà àti òfin ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ti kà á léèwọ̀, wọ́n sì lè ti ẹ̀ka tó bá ṣe é pa.