Epo tó dínwó lọ́ọ̀ọ́kán: ṣé ó tó ohun à ń wa mọ́tò lọ rà?

Ohun tí ẹ béèrè ni pé ilé-epo kan wà ní kìlómítà 9 sílé yín, tó ń ta epo ní iye tó fi 3% dín sí ti èyí tó wà lẹ́nu ọ̀nà yín. Lítà 30 lẹ sì máa ń rà lẹ́ẹ̀kan. Ṣé kí ẹ máa lọ síbẹ̀? Èsì tèmi ni pé kí ẹ má lọ, àfi tí ọ̀nà yín bá gba ibẹ̀ tẹ́lẹ̀. Mi ò kàn fẹnu sọ ọ́ o. Odidi ọdún méjì ni mo fi wá epo pọ́ọ́kú kiri, owó tí mo sì fi wá a kò padà sí àpò mi títí dòní. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí, kí ẹ lè fi mọ́tò tiyín ṣírò.

Ìgbà tí owó epo gbéra sókè ni mo bẹ̀rẹ̀. Níbi iṣẹ́ wa, kò sí ọ̀rọ̀ mìíràn mọ́: “Lágbájá ti já a wálẹ̀.” “Tọ̀hún dínwó ju tibí lọ.” Bí mo bá ti gbọ́ irú ẹ̀, mo ti mú kọ́kọ́rọ́ nìyẹn. Tí mo bá dé ibẹ̀, tí mo rí i pé iye tó wà lára pátákó wọn kéré sí ti àdúgbò mi lóòótọ́, inú mi a dùn débi pé màá fóònù sílé. Ìyàwó mi ló bi mí lálẹ́ ọjọ́ kan pé, “Dádì wọn, èló gan-an lẹ jèrè nínú gbogbo ìrìn yìí?” Mi ò rí nǹkan kan pàtó dáhùn. Ìbéèrè yẹn ni mo torí ẹ̀ ra ìwé kékeré kan, mo fi í sábẹ́ ìjókòó awakọ̀, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀: lítà tí mo rà, iye tí mo rà á, ohun tí òǹkà kìlómítà sọ, àti bí mo ṣe pẹ́ tó lórí ìlà.

Ojú ìwé kan wà níbẹ̀ tí mo ṣì máa ń ṣí wò. Ọjọ́ Sátidé ni. Ẹnì kan ti sọ fún mi pé ilé-epo kan ní òdìkejì ìlú ti yọ 4% kúrò. Táńkì mi ṣì kún dé ìdajì. Kìlómítà 14 ni àlọ, kìlómítà 14 ni àbọ̀. Nígbà tí mo fi máa débẹ̀, gbogbo ẹni tó gbọ́ ohun tí mo gbọ́ ti tò sílẹ̀. Oòrùn mú ganrínganrín, torí náà mi ò pa ẹ́ńjìnnì, kí AC lè máa fẹ́. Ogójì ìṣẹ́jú la fi ń sún bíi ìgbín. Lítà 22 ló wọ táńkì.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn mo jókòó ti ìwé náà. 4% lára lítà 22 jẹ́ 0.88, kò tiẹ̀ pé lítà kan. Gbogbo ohun tí mo lọ jèrè nìyẹn. Mọ́tò mi ń jẹ lítà 9 ní kìlómítà 100, nítorí náà kìlómítà 28 tí mo rìn ti gbé lítà méjì àtààbọ̀ mì. Ẹ́ńjìnnì tó wà lórí ìdúró fún ogójì ìṣẹ́jú, tí AC tún ń ṣiṣẹ́, á ti jẹ ìdajì lítà sí i, bí kò bá jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo sun lítà mẹ́ta láti lọ rí ohun tí kò tó lítà kan. Mo pa ìwé dé. Mi ò sọ nǹkan kan fún ìyàwó mi lálẹ́ ọjọ́ náà.

Láti ìgbà yẹn ni mo ti ń fi lítà ṣírò, mi ò fi owó ṣírò mọ́. Iye owó máa ń yí lójoojúmọ́, ó sì máa ń tan ojú jẹ, àmọ́ lítà kì í purọ́. Bó ṣe lọ rèé. Ẹ mú lítà tí ẹ fẹ́ rà, ẹ wo ìdá tí wọ́n fi dín in nínú ọgọ́rùn-ún, iye lítà tó bá jáde ni èrè yín. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣírò lítà tí mọ́tò yín máa jẹ nínú ìrìn tó jẹ́ pé torí epo yẹn nìkan lẹ ṣe rìn ín, àlọ àti àbọ̀. Bí ẹ bá ń ra lítà 40, tí wọ́n fi 5% dín in, lítà 2 ni èrè. Mọ́tò tó ń jẹ lítà 8 ní kìlómítà 100 á fi lítà 2 yẹn rin kìlómítà 25. Ìyẹn ni pé tí ilé-epo náà bá ti ju kìlómítà 12 lọ sílé, ẹ ti wọ gbèsè. Bó bá jẹ́ 2% ni wọ́n fi dín in, èrè orí lítà 40 kò ju 0.8 lọ, kìlómítà 10 péré ló lè gbé yín, àlọ àti àbọ̀ pọ̀. Tó bá wá jẹ́ lítà 15 lẹ fẹ́ rà, 2% ẹ̀ jẹ́ 0.3. Mọ́tò á ti jẹ ìyẹn tán kó tó rin kìlómítà mẹ́rin.

Ẹ sì rántí pé ibi tí èrè àti àdánù ti pàdé ni mo ń sọ yẹn, mi ò tíì ka táyà tó ń jẹ, ọ́ìlì tó ń gbó àti àkókò yín mọ́ ọn. Ẹ́ńjìnnì tí kò tíì gbóná náà máa ń jẹ epo ju èyí tó ti gbóná lọ ní kìlómítà bíi mélòó kan àkọ́kọ́. Nítorí náà, tó bá jẹ́ pé torí epo nìkan lẹ ṣe ṣíná sí mọ́tò láàárọ̀, ìnáwó ibẹ̀ ju ohun tí ìṣirò mi sọ lọ.

Ṣùgbọ́n ohun tó là mí lójú jù lọ kì í ṣe ọ̀nà jíjìn. Ìwọ̀n ni.

Ilé-epo kan wà lójú ọ̀nà ibi iṣẹ́ mi, tí mi ò ní yà kúrò lọ́nà rárá kí n tó débẹ̀. Wọ́n máa ń fi 4% dín sí tàwọn tó yí wọn ká. Lójú ìṣirò, èrè pọ́ńbélé ni. Àmọ́ ìwé abẹ́ ìjókòó ń sọ ohun mìíràn fún mi: gbogbo ìgbà tí mo bá ra epo níbẹ̀ ni kìlómítà tí mo ń rìn máa ń dín kù. Mo kọ́kọ́ rò pé ẹsẹ̀ mi ló ń wúwo lórí tìrótù. Mo rò pé bóyá pílọ́ọ̀gì ló fẹ́ pàrọ̀. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹfà, mo mú kẹ́ẹ̀gì lítà 10 kan, irú èyí tí wọ́n ṣe fún epo, mo gbé e lọ sí ilé-epo méjì mìíràn lákọ̀ọ́kọ́. Mo gbé kẹ́ẹ̀gì sílẹ̀ẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó rọ ọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n rọ epo sí kẹ́ẹ̀gì nínú búùtù mọ́tò láé, torí iná kékeré tó máa ń ta lára ike lè gbá òórùn epo mú. Níbi méjèèjì, lítà 10 dé ojú ibì kan náà, mo sì fi máákà fa ìlà síbẹ̀. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń dín in kù, ẹ̀rọ wọn ka lítà 10 géérégé, ṣùgbọ́n epo kò dé ìlà mi. Ó fi ìbú ìka kan dín.

Mi ò fẹ́ kí ojú mi tàn mí, mo gbé lítà 10 ti ibì kọ̀ọ̀kan lọ sórí òṣùwọ̀n nílé. Lítà epo kan máa ń wúwo tó nǹkan bíi kìlógíráàmù 0.74, torí náà lítà 10 gbọ́dọ̀ sún mọ́ kìlógíráàmù 7.4 tí a bá ti yọ ìwúwo kẹ́ẹ̀gì òfìfo kúrò. Ti àwọn méjì àkọ́kọ́ rí bẹ́ẹ̀. Ti ẹlẹ́ẹ̀kẹta yìí kò pé 7. Ẹni tó fi 4% dín owó, tó wá fi ohun tó ju 5% dín ìwọ̀n, ṣé ó dínwó ni? Òun gan-an ló ń tà á wọ́n jù. Àyà mi já, torí ó ju oṣù mẹ́jọ lọ tí mo ti ń bá wọn rajà, tí mo sì ń júwe ibẹ̀ fún àwọn èèyàn mi.

Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, àwọn aláṣẹ tó ń bójú tó òṣùwọ̀n máa ń yẹ ẹ̀rọ epo wò, wọ́n á sì lẹ èdìdì àti ọjọ́ tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò mọ́ ọn lára. Kí ẹ tó ra epo, ẹ wò ó. Ẹ sì rí i pé òǹkà ẹ̀rọ wà lórí òdo kí wọ́n tó ki ẹnu ẹ̀ bọ táńkì yín.

Ẹ̀yin náà á ti gbọ́ pé kéèyàn máa ra epo ní kùtùkùtù nígbà tí ilẹ̀ tutù, kó lè pọ̀ sí i. Òótọ́ ni pé epo máa ń fẹ̀ tí ooru bá mú un, ó tó 0.1% fún ìwọ̀n ooru kan lórí Celsius. Ṣùgbọ́n abẹ́ ilẹ̀ ni táńkì ilé-epo máa ń wà, ibẹ̀ kì í sì í gbóná tàbí tutù lójijì bíi tòkè. Ẹ sun oorun yín.

Èyí tó dùn mí jù lápò ni ti pọ́ọ̀ǹpù inú táńkì mọ́tò mi, èyí tó ń ti epo lọ sí ẹ́ńjìnnì. Torí pé mò ń dúró de ibi tó máa dínwó, mo sọ ọ́ di àṣà láti máa wa mọ́tò títí iná epo á fi tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù. Màá ní, “Ó ṣì máa gbé mi dé ọ̀hún.” Ohun tí mi ò mọ̀ nígbà náà ni pé epo tó yí pọ́ọ̀ǹpù yẹn ká ló ń mú un tutù. Tí epo bá ń fìgbà gbogbo wà nísàlẹ̀ táńkì, pọ́ọ̀ǹpù á máa gbóná. Ìdọ̀tí tó rògún sísàlẹ̀ náà lè máa bá epo lọ sínú fílítà. Pọ́ọ̀ǹpù náà kú mọ́ mi lọ́wọ́ lójú títì, lẹ́yìn tí ilẹ̀ ti ṣú, àwọn ọmọ sì wà lẹ́yìn ọkọ̀. Nígbà tí mẹkáníìkì yọ ọ́ jáde, ó gbé e lé mi lọ́wọ́, ó ní kí n gbóòórùn ẹ̀. Ó ti jó. Owó tí mo san fún tuntun àti fún iṣẹ́ ọwọ́ ju gbogbo èrè tí ìwé mi kọ ní ọdún kan àtààbọ̀ lọ. Ní báyìí, tí gééjì bá ti dé ìdá kan nínú mẹ́rin, mo ti ń rà á níbikíbi tí mo bá wà.

Ẹ tún kíyè sí ohun tí wọ́n ń tà. Epo tí wọ́n fi ọtí ethanol 10% lú, èyí tí wọ́n ń pè ní E10, kì í gbé mọ́tò jìnnà tó ògidì epo, ó máa ń fi bíi 3% dín. Bó bá jẹ́ 2% ni wọ́n fi dínwó sí ògidì, kò tíì dínwó. Èyí tí nọ́ńbà octane ẹ̀ ga ńkọ́, ìyẹn nọ́ńbà tó ń sọ bí epo ṣe lè kọ̀ láti gbiná ṣáájú àkókò nínú ẹ́ńjìnnì? Tí ìwé mọ́tò yín kò bá bèèrè fún un, owó yín lẹ ń dà nù.

Mi ò sọ pé kéèyàn máa ra epo láìbéèrè iye o. Ó ní àwọn tí wíwá epo pọ́ọ́kú tọ́ sí. Ẹni tó ń fi mọ́tò ṣiṣẹ́, tó ń sun lítà 40 tàbí 50 lójúmọ́, 3% kì í ṣe nǹkan kékeré fún un lópin oṣù. Ẹni tó ń rìnrìn àjò jíjìn náà lè kún táńkì kó tó bọ́ sójú ọ̀nà márosẹ̀, torí epo ẹ̀gbẹ́ márosẹ̀ sábà máa ń wọ́n. Níbi tí owó orí epo bá ti yàtọ̀ láti ẹkùn kan sí ìkejì, ìyàtọ̀ ẹ̀ lè tóbi gan-an. Àwọn ibì kan tiẹ̀ wà tí ìjọba ti mú wíwá náà rọrùn. Ní ìpínlẹ̀ Western Australia, láti 2001 ni ètò FuelWatch ti wà: ilé-epo gbọ́dọ̀ kéde iye ti ọ̀la lónìí, kò sì gbọ́dọ̀ yí i pa dà fún wákàtí 24. Ní Jámánì, láti 2013 ni wọ́n ti ń fi iye tí wọ́n ń tà á ránṣẹ́ sí ìjọba ní kíá tó bá ti yí, tí àwọn awakọ̀ á sì rí i lórí fóònù. Tí ẹ bá lè rí iye lórí fóònù láìkúrò lórí àga, ẹ wò ó. Èyí kò ná yín ní lítà kan.

Ibi tí mo ti wá rí èrè gidi ni inú mọ́tò fúnra ẹ̀. Afẹ́fẹ́ táyà mi ti lọ sílẹ̀ láìmọ̀. Irin ìkẹ́rù tí mo dè mọ́ orí ọkọ̀ ti wà níbẹ̀ fún oṣù mọ́kànlá láìkó nǹkan kan, bẹ́ẹ̀ ó ń gba atẹ́gùn ní gbogbo ìgbà. Mo tú u sílẹ̀, mo fẹ́ táyà dé ibi tó yẹ, mo yé tẹ tìrótù gììrì tí iná bá ti di aláwọ̀ ewé. Láàárín oṣù méjì, lítà 9 ti di 8.2. Ìyẹn ju ìdá mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún lọ, lórí gbogbo lítà, níbikíbi tí mo bá ti rà á.

Ó wá ku tiyín. 3% lára lítà 30 jẹ́ 0.9. Kìlómítà 18 ni àlọ àti àbọ̀. Bí mọ́tò yín bá ń jẹ lítà 8 ní kìlómítà 100, ó máa jẹ tó lítà 1.4 lọ síbẹ̀ bọ̀. Ká tiẹ̀ ní lítà 5 péré ló ń jẹ, 0.9 gẹ́lẹ́ ló máa lò, á wá di ọgbọọgba, àkókò yín nìkan ló lọ. Ẹ máa ra ti ẹnu ọ̀nà yín. Ọjọ́ tí ẹ bá ní nǹkan ṣe lápá ọ̀hún, ẹ kún táńkì níbẹ̀ kí ẹ tó máa bọ̀. Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ gbé kẹ́ẹ̀gì dání, kí ẹ wọn lítà 10 wọn wò, kí ẹ wá sọ iye tó wọ̀n fún mi.