Ṣé Ìgbàgbọ́ Tí Ẹlòmíì Ń Gbé Ró Ṣì Ni Ìgbàgbọ́?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ káàsán mà, Mọ́mì. Àkúrẹ́ ni mo wà. Látìgbà tí iná ti jó ṣọ́ọ̀bù mi, nǹkan ò rí bó ṣe máa ń rí mọ́ láàárín èmi àti Ọlọ́run. Mo gbààwẹ̀, mo gbàdúrà, gbèsè ṣì wà ńlẹ̀. Àwọn kan ní ṣọ́ọ̀ṣì ní kí n yẹ ara mi wò bóyá ẹ̀ṣẹ̀ kan wà níbì kan, ni mo bá kúkú jókòó sílé. Sístà kan tá a jọ wà ní kúáyà ò fi mí sílẹ̀, tí ò bá wá sílé á fi voice note ránṣẹ́, á gbàdúrà síbẹ̀. Ká sòótọ́, àmín tí mò ń ṣe sí àdúrà ẹ̀ nìkan ló kù lẹ́nu mi, ojú sì ń tì mí. Ṣé èyí ṣì ni ìgbàgbọ́ àbí mò ń tan ara mi ni?

ÌDÁHÙN: Ọmọ mi, o kú àdánù o. Òfò ọjà lo rí, o ò ní rí òfò ẹ̀mí láṣẹ Olúwa.

Ìgbàgbọ́ ni. Lọ ka Máàkù orí kejì, ọkùnrin ẹlẹ́gbà tí àwọn mẹ́rin gbé wá, èrò ti dí ẹnu ọ̀nà pa, wọ́n gun òkè ilé, wọ́n dá òrùlé lu, wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀ pẹ̀lú ẹní ẹ̀. Bíbélì ní nígbà tí Jésù rí ìgbàgbọ́ wọn ló bá a sọ̀rọ̀. Wọn ò kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọkùnrin yẹn gbàdúrà kankan o, Jésù ò sì ní kó kọ́kọ́ jáde lọ kó fẹsẹ̀ ara ẹ̀ rìn wọlé. Dáfídì tó pa Gòláyátì pàápàá, nígbà tí Ọba Sọ́ọ̀lù ń lé e kiri nínú igbó Sífù, Jónátánì ló dìde tó lọ bá a níbẹ̀ tó fún un lókun nínú Ọlọ́run, ọmọ ẹni tó ń wá ẹ̀mí ẹ̀ kiri gan-an ni Jónátánì yìí, Bíbélì ò sọ pé ó gbé owó tàbí ọmọ ogun dání. Tí Dáfídì bá nílò ẹni tó máa gbà á níyànjú, kí ló wá fẹ́ tì ẹ́ lójú níbẹ̀?

Nílé wa níbí náà, ní Ìjẹ̀bú-Òde lọ́dún 1918, nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn inflúẹ́ńsà ń pa àwọn èèyàn, ìwọ̀nba èèyàn kan nínú ìjọ Áńgílíkà St. Saviour's bẹ̀rẹ̀ sí í pàdé láti gbàdúrà pọ̀. Joseph Shadare wà lára wọn, Sophia Odunlami náà wà níbẹ̀, tíṣà ni obìnrin yẹn. Nígbà tó yá, ọ̀rọ̀ ìwòsàn àti ìrìbọmi ọmọ ọwọ́ dá ìyapa sílẹ̀ láàárín wọn àti ìjọ, iṣẹ́ tíṣà bọ́ lọ́wọ́ Odunlami, síbẹ̀ wọn ò tú ká. Lára ohun tí ìjọ Christ Apostolic Church (CAC) ti jáde wá nìyẹn. Mo máa ń rò ó pé ká ní oníkálukú wọn wà nílé ẹ̀ ni tó ń dá ìgbàgbọ́ ẹ̀ ṣe, ta ni ò bá dúró nínú wọn lọ́jọ́ tí iṣẹ́ bọ́?

Ní ti àwọn tó ní kó o lọ wá ẹ̀ṣẹ̀ ẹ, ó dùn mí gan-an. Àwọn ọ̀rẹ́ Jóòbù ṣe dáadáa fún ọjọ́ méje o, wọ́n jókòó tì í nílẹ̀, wọn ò sọ nǹkan kan, ìgbà tí wọ́n lanu ni wàhálà bẹ̀rẹ̀. Má torí tiwọn pa ìjọ tì, sístà tó ń wá ẹ wá yìí náà, ìjọ ni.

Tó bá tún wá, má kàn ṣe àmín fún un kó máa lọ. Sọ fún un pé mi ò lè gbàdúrà mọ́. Kẹ́ ẹ jọ ka Sáàmù 13 sókè, ẹsẹ mẹ́fà péré ni, Dáfídì ń bi Ọlọ́run níbẹ̀ pé yóò ti pẹ́ tó, torí náà o ò ní máa díbọ́n. Gbèsè yẹn ńkọ́? Ní kó sìn ẹ́ lọ bá àwọn tó o jẹ lówó, kẹ́ ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹ́ kó o máa san án díẹ̀díẹ̀. Ìwé Hébérù ní ká máa gba ara wa níyànjú lójoojúmọ́ kí ọkàn ẹnì kankan má bàa yigbì, kò ní kó jẹ́ àárọ̀ Sunday nìkan.

ÌBÉÈRÈ: Mọ́mì, ẹ kú iṣẹ́ mà. Àbúrò mi ń ṣiṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó ní London, ó máa ń ní ṣíìfù ní Sunday, kò lọ ṣọ́ọ̀ṣì mọ́. Mò ń fi ìwàásù ránṣẹ́ sí i lójoojúmọ́, "amen" ló máa ń kọ padà. Kí ni kí n ṣe?

ÌDÁHÙN: Dín ìwàásù yẹn kù, jọ̀ọ́. Èèyàn tó ti ṣíìfù alẹ́ dé ò lè gbọ́ ìwàásù wákàtí kan. Nínú Bíbélì, Bánábà gbéra lọ sí Tásù, ó wá Sọ́ọ̀lù tá a wá mọ̀ sí Pọ́ọ̀lù kàn, ó mú un wá sí Áńtíókù, wọ́n sì jọ wà pẹ̀lú ìjọ fún ọdún kan gbáko. Ìwọ ò lè wọkọ̀ òfurufú lọ, àmọ́ o lè pè é lọ́jọ́ tó bá wà ní off, kó o kọ́kọ́ bi í nípa iṣẹ́, nípa oúnjẹ, bóyá ó ń rí oorun sùn. Má bá a ka iye Sunday tí ò lọ. Ẹ jọ wá àwọn tó máa ń ṣe ìpàdé àdúrà láàárín ọ̀sẹ̀ nítòsí ẹ̀, tàbí èyí tí wọ́n ń ṣe nínú ilé. Kó o sì bi í nǹkan tó fẹ́ kó o bá òun gbàdúrà lé lórí, kó o gbà á lójú ẹsẹ̀ kẹ́ ẹ tó gé fóònù.