Kabúrétọ̀ ń da epo sínú ọkọ̀ mi

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá. Ọkọ̀ ojú omi ni mo ń wà láti Àgbòwà lọ sí Èpè, ó di ọdún kẹta báyìí. Ẹ́ńjìnnì Yamaha 40 ni mò ń lò, èyí tí à ń po ọ́ìlì mọ́ epo rẹ̀. Láti oṣù tó kọjá, tí mo bá ti fún bọ́ọ̀lù rọ́bà tó wà lára họ́ọ̀sì, ṣe ni bẹntiróòlù á máa kán láti ìdí kabúrétọ̀, ibi tí epo ti ń pò mọ́ atẹ́gùn kó tó wọ ẹ́ńjìnnì. Mẹkáníìkì ọ̀kadà kan ní àdúgbò wa ní kí n ra kabúrétọ̀ tuntun, pé òun á fi họ́ọ̀sì funfun tí wọ́n ń lò fún ọ̀kadà so ó, àti pé ojú omi níbẹ̀ la ti máa ṣe é kí n má baà pàdánù iṣẹ́ ọjọ́ kan. Ṣé kí n gbà? Ọlọ́kọ̀, Àgbòwà.

Ìdáhùn: Ọmọ mi, má gbà. Mi ò bá mẹkáníìkì náà jà o, ó lè mọ ọ̀kadà dunjú. Ṣùgbọ́n bí ọ̀kadà bá ń jò, orí títì ni epo ń kán sí, atẹ́gùn á sì gbé e lọ. Ọkọ̀ ojú omi kò rí bẹ́ẹ̀. Àwo ni. Ohun tó bá kán sínú rẹ̀, ibẹ̀ náà ló ń gbé. Atẹ́gùn tó ń jáde lára bẹntiróòlù wúwo ju atẹ́gùn tí à ń mí lọ, kì í gòkè, abẹ́ pákó tí àwọn èrò ń fẹsẹ̀ tẹ̀ ló ń wọ́ lọ, níbẹ̀ ni yóò sì ti dúró de iná. Iná ọ̀hún kò ní láti jẹ́ ti sìgá. Kí wáyà bátìrì ṣáná lẹ́ẹ̀kan ti tó.

Ojú mi rí i lọ́dún 2009. Mò ń pààrọ̀ họ́ọ̀sì lórí omi nítorí pé olówó ọkọ̀ ń kánjú. Epo tó dà sílẹ̀ kò ju ife kan lọ, mo tiẹ̀ ti fi àkísà nù ún. Bí ọmọṣẹ́ mi ṣe ní kí òun so wáyà bátìrì padà, mo gbọ́ "fùù" lábẹ́ pákó. Iná náà kò pẹ́ rárá, kí a tó ṣẹ́jú ó ti kọjá, ṣùgbọ́n ó bó awọ ọwọ́ ọmọ ọlọ́mọ láti ọrùn ọwọ́ dé ìgúnpá. Èmi ni mo lọ ṣàlàyé fún ìyá rẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, iṣẹ́ epo kankan, orí ilẹ̀ ni mo ti ń ṣe é, níta gbangba, níbi tí jẹnẹrétọ̀ àti oníyán tó ń dáná kò sí nítòsí.

Nítorí náà, gbé ẹ́ńjìnnì náà gúnlẹ̀. Jẹ́ kó tutù. Tú bátìrì bí ó bá ní, kí o sì fa wáyà tó ń gbé iná wá kúrò lórí plọ́ọ̀gì méjèèjì. Yọ họ́ọ̀sì kúrò lára táǹkì, kí o da epo tó kù nínú rẹ̀ sínú kẹ́ẹ̀gì tó ní ìdérí, kí o sì dé e. Má fi ẹnu fa epo, bó ti wù kó kéré tó.

Kí o tó náwó sí kabúrétọ̀ tuntun, ṣí ọpọ́n kékeré tó wà nísàlẹ̀ ti àtijọ́ ná. Fúlóòtù kan ń léfòó nínú rẹ̀. Bí epo bá ti kún tó, fúlóòtù á gòkè, á sì ti abẹ́rẹ́ kan pa ẹnu ihò tí epo ń gbà wọlé. Bí ìdọ̀tí bá há sẹ́nu abẹ́rẹ́ yẹn, tàbí tí orí rẹ̀ ti jẹ, epo á máa ṣàn ṣáá. Da epo inú ọpọ́n náà sínú ìgò tó mọ́, gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀, kí o wò ó. Bí omi bá wà nínú rẹ̀, wàá rí i tó kóra jọ sísàlẹ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀, tí yóò máa yí gbirigbiri bí o ṣe ń mi ìgò. Bí o bá rí èyí, kẹ́ẹ̀gì epo rẹ ló kọ́kọ́ ń ṣàìsàn. Lọ́pọ̀ ìgbà, abẹ́rẹ́ tuntun àti gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun, ìyẹn ohun pẹlẹbẹ tí à ń fi sáàárín irin méjì kó má baà jò, ló máa parí ọ̀rọ̀. Àfi bí iyọ̀ bá ti jẹ ara kabúrétọ̀ fúnra rẹ̀ ni kí o tó pààrọ̀ gbogbo rẹ̀, kí o sì mú ti àtijọ́ dání lọ sọ́jà kí ẹ fi nọ́ńbà ara wọn wéra.

Kí o tó tú kabúrétọ̀ kúrò, fi fóònù ya bí ọ̀pá tó ń mú kí ẹ́ńjìnnì sáré sí i ṣe so mọ́ ọn. Tó o bá tú u tán, fi àkísà tó mọ́ dí ẹnu ihò ara ẹ́ńjìnnì kí nọ́ọ̀tì má já sínú rẹ̀, má sì gbàgbé àkísà náà síbẹ̀. Gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun ni kí o fi sí i. Jọ̀wọ́, má fi gọ́ọ̀mù sílíkọ́ọ̀nù dípò rẹ̀: bẹntiróòlù máa ń mú un rọ̀, á máa já wẹ́wẹ́, á sì lọ dí jẹ́ẹ̀tì, ihò tóóró tí epo ń gbà kọjá nínú kabúrétọ̀. Bó o bá dè é tán, fi ọwọ́ fa ọ̀pá yẹn, kí o sì jọ̀wọ́ rẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ fúnra rẹ̀ padà sílẹ̀. Bí kò bá padà, má tan ẹ́ńjìnnì.

Họ́ọ̀sì funfun yẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù jù. Oòrùn àti epo máa ń mú un gan paali, á súnkì, á sì yọ lẹ́nu irin lọ́jọ́ kan tí èrò kún ọkọ̀. Ó tún tín-ín-rín jù. Ẹ́ńjìnnì tìrẹ, inú epo ló ti ń rí ọ́ìlì tó fi ń yọ̀. Bí epo kò bá dé tó, ọ́ìlì náà kò dé tó nìyẹn, písítìnì á sì há. Họ́ọ̀sì dúdú tí wọ́n ṣe fún epo ọkọ̀ ojú omi ni kí o rà, kí fífẹ̀ inú rẹ̀ bá ti tẹ́lẹ̀ mu, pẹ̀lú kílíìpù irin tí kì í dípẹtà ní ẹnu kọ̀ọ̀kan. Wáyà tí à ń yí po kì í ṣe kílíìpù. Ọfà tó wà lára bọ́ọ̀lù rọ́bà, ẹ́ńjìnnì ni kí ó kọjú sí.

Fún bọ́ọ̀lù náà títí yóò fi le. Fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10. Fi tíṣù funfun nu gbogbo oríkèé kan lẹ́yìn ìkejì, láti táǹkì dé kabúrétọ̀. Bí tíṣù bá tutù níbì kan, tàbí tí bọ́ọ̀lù ti rọ̀, iṣẹ́ kò tíì parí. Bí ohun gbogbo bá gbẹ, so wáyà plọ́ọ̀gì padà, ti ìdí ẹ́ńjìnnì bọ inú dírọ́ọ̀mù omi kó tó di pé o tan án, nítorí omi ló ń mú un tutù. Kí páńpù apáná oní-páúdà wà lọ́wọ́ ẹnì kan. Omi kì í pa iná epo, ńṣe ló ń gbé e kiri.

O ti sọ pé iṣẹ́ ọjọ́ kan ni wàá pàdánù. Mo mọ̀ ohun tí ọjọ́ kan jẹ́ fún ọlọ́kọ̀. Gbà á bẹ́ẹ̀.

Ìbéèrè: Ẹja ni mò ń tà, Èpè ni mo ti ń rà á. Nígbà mìíràn, òórùn bẹntiróòlù á gba inú ọkọ̀ kan, ọlọ́kọ̀ á ní bó ṣe máa ń rí nìyẹn. Ṣé òótọ́ ni? Ìyá Ẹlẹ́ja.

Ìdáhùn: Ìyá wa, ẹ kú ọjà o. Bí wọ́n bá ń da epo sí táǹkì, òórùn á wà, atẹ́gùn á sì gbé e lọ. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá jókòó tán tí kò lọ, tàbí tí omi ìsàlẹ̀ ọkọ̀ ń dán bí òṣùmàrè, epo ló ń jò. Kí ọlọ́kọ̀ tó tan ẹ́ńjìnnì ni kí ẹ sọ̀rọ̀. Bí kò bá dá yín lóhùn, ẹ sọ̀ kalẹ̀, ẹ ra yìnyín sí ẹja yín, kí ẹ dúró de ọkọ̀ tó kàn.