Ẹ Bi Wá: Àga àti Tábìlì Ìta Lọ́jọ́ Tí A Bá Ń Kó Kúrò Nílé

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ní ìparí oṣù, a ó kó láti Tanke ní Ìlọrin lọ sí Òmù-Àrán. A ní tábìlì onírin kan tí gíláàsì wà lórí rẹ̀, àga onírin mẹ́fà, agboòrùn ńlá tó máa ń dúró láàárín tábìlì, àti bí ogún àga rọ́bà. Ọkọ mi ní ká kàn jù wọ́n sórí mọ́tò gbẹ̀yìn, pé ṣebí ẹrù ìta ni. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? — Ìyá Ìbejì, Tanke

Ìdáhùn: Ẹ bá wa kí Bàbá Ìbejì, ṣùgbọ́n ẹ má gbà fún wọn. Ìta tí ẹrù yìí ń gbé gan-an ló jẹ́ kó nílò ìtọ́jú ju ẹrù pálọ̀ lọ, torí omi, erùpẹ̀ àti kòkòrò ló máa ń bá a rìn. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú.

Lọ́jọ́ kìíní, ẹ fi omi ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì fọ gbogbo rẹ̀, kí ẹ yẹ abẹ́ àga wò dáadáa. Ibẹ̀ ni agbọ́n máa ń kọ́lé sí. Ẹsẹ̀ àga onírin ló ṣe kókó jù. Páìpù oníhò ni, rọ́bà kékeré kan ló sì dí ìdí rẹ̀. Omi òjò ti lè gba ojú ibi tí wẹ́dà jó pọ̀, tó sán, wọ inú rẹ̀. Ẹ yọ rọ́bà náà, kí ẹ gbé ẹsẹ̀ lé bíríkì kí omi lè ráyè ṣàn jáde. Bí kò bá jáde nílé, orí mọ́tò ló máa jáde sí, sórí mátíràsì yín, àbàwọ́n ìpẹtà kì í sì í gbọ́ ọṣẹ. Níbi tí ọ̀dà bá ti bó, ẹ fi sáńpépà 120 ha á, kí ẹ fi ọ̀dà pupa tí àwọn wẹ́dà ń lò kùn ún, kó gbẹ mọ́jú.

Ọjọ́ kejì ni títú. Ẹ fi fóònù ya àwòrán abẹ́ tábìlì kí ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan kan. Sípánà 10 àti 13 ló sábà máa ń bá bóòtù irú tábìlì bẹ́ẹ̀ mu. Èyí tó bá ti dípẹtà, ẹ má fi agbára yí i, yóò ṣẹ́. Ẹ kán kẹrosíìnì sí i lálẹ́, kí ẹ padà síbẹ̀ láàárọ̀. Ẹ kó bóòtù, nọ́ọ̀tì àti wáṣà ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan sínú ọ̀rá, kí ẹ so ọ̀rá náà mọ́ ẹsẹ̀ tó ni ín. Àwọn kan máa ń dá bóòtù padà sínú ihò rẹ̀, wọ́n á fi ọwọ́ yí nọ́ọ̀tì mọ́ ọn. Mọ́tò á gbọ̀n ọ́n tú kí ẹ tó dé Àjàṣẹ́-Ìpo.

Ó wá ku gíláàsì. Èyí tó fẹ̀ ní mítà kan níbùú lóòró, tó sì nípọn ní mìlímítà 8, wúwo tó kílò 20, nítorí náà èèyàn méjì ni kó gbé e. Gíláàsì tí wọ́n ti fi iná sun kó lè le máa ń gba ìyà lójú, ṣùgbọ́n bí etí rẹ̀ bá gbá sìmẹ́ǹtì lásán, gbogbo rẹ̀ ló ń fọ́ wẹ́wẹ́. Ẹ gé rọ́bà tí ẹ fi ń fa omi, ẹ là á ní gígùn, kí ẹ fi há etí gíláàsì yí ká. Lẹ́yìn náà, ẹ fi bùláńkẹ́ẹ̀tì wé e, ẹ fi páálí sí i níwájú àti lẹ́yìn, kí ẹ sì fi sẹ́lótéèpù dè é. Sẹ́lótéèpù tí àwọn èèyàn ń lẹ̀ mọ́ ojú gíláàsì kì í dá fífọ́ dúró. Àfọ́kù ló kàn ń kó pọ̀. Kó dúró lórí etí rẹ̀ láàárín mátíràsì méjì, kí ẹ dè é mọ́ ara mọ́tò. Ẹ má tẹ́ ẹ sílẹ̀ gbalaja láéláé: kòtò ojú ọ̀nà á máa tẹ àárín rẹ̀, ọmọ akẹ́rù kan á sì rí i bíi tábìlì, á gbé àpò ìrẹsì lé e.

Kí aṣọ agboòrùn gbẹ dénú kí ẹ tó ká a, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò bu. Bí ìdí rẹ̀ bá jẹ́ èyí tí wọ́n ń rọ omi sí, ẹ dà á nù; lítà 25 jẹ́ kílò 25. Bí sìmẹ́ǹtì bá ni, òun ni kó kọ́kọ́ wọ mọ́tò, nílẹ̀, lẹ́bàá orí ọkọ̀. Aṣọ ni kí ẹ kọ́kọ́ fi wé irin. Ọ̀rá lásán máa ń lẹ̀ mọ́ ọ̀dà nínú oòrùn. Àga rọ́bà kò le: ẹ tò ó ní mẹ́wàá-mẹ́wàá, ẹ má gbé ohunkóhun lé e. Èyí tí oòrùn ti sọ di funfun, tí ń já ẹfun sọ́wọ́, ẹ fi sílẹ̀. Kò tó owó mọ́tò.

Ìbéèrè: Àga kéènì ni tèmi, mo sì fẹ́ kó wá sí Ìlọrin nígbà òjò. Ṣé kí n fi ọ̀rá wé e pátápátá? — Òǹkàwé kan, Ọ̀fà

Ìdáhùn: Rárá. Ọ̀rá á há ọ̀rinrin mọ́ inú, àga á sì bu. Aṣọ ni kí ẹ fi wé e, kí tapólì bo gbogbo ẹrù lókè. Ẹsẹ̀ àga ni kí okùn gbà, kì í ṣe ibi tí wọ́n hun, torí okùn tó há á já a. Bí ọyẹ́ bá ń fẹ́ lásìkò tí ẹ ń kó, kéènì á gbẹ jù, á máa ṣẹ́. Ẹ fi aṣọ tútù nù ún lálẹ́ tó ṣáájú, kó sì gbẹ lábẹ́ ibòji.

Ìbéèrè: Ààrò eléèédú àti sìlíńdà gáàsì ńkọ́? — Ọmọ Òmù-Àrán

Ìdáhùn: Ẹyin iná máa ń farapamọ́ sínú eérú di ọjọ́ kejì, nítorí náà ẹ da omi sí i, ẹ rò ó, kí ẹ tún da omi sí i. Sìlíńdà, ẹ ti orí rẹ̀, ẹ yọ rẹgúlétọ̀ àti rọ́bà, kó dúró ṣánṣán lórí mọ́tò tí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣí, kì í ṣe nínú búùtù ọkọ̀ tí èèyàn jókòó sí. Nígbà tí ẹ bá de rẹgúlétọ̀ àti rọ́bà padà, ẹ fi fóòmù ọṣẹ kun ojú ibi tí ẹ dè. Níbi tó bá ti ń hó, ibẹ̀ ló ti ń jò.